Ẹ̀yà Kòkòrò HIV Pọ̀: Ṣé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Ẹni Tí Ó Gbé E Wọlé?

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ mi láti Ajangbadi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ojo, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í sì í ṣe èyí tí mo lè fi gbólóhùn méjì dáhùn ní ìsàlẹ̀ ojú ewé. Baálé ilé kan ni ó kọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ òpópónà tí ó ń gbé.

Ọkùnrin yìí wí pé nígbà tí ìyàwó òun lóyún, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú aboyún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbẹ̀, wọ́n sì rí kòkòrò HIV. Wọ́n ní kí ọkọ náà wá. Wọ́n rí i lára òun pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni ilé wọn kò ti tòrò mọ́. Àwọn ẹbí ọkọ ń wí pé ìyàwó ni ó gbé àrùn wọlé, nítorí pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọ̀rẹ́ ọkọ kan tí ó mọ̀wé fi dá a lábàá pé kòkòrò HIV kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, pé ó ní ẹ̀yà bí ènìyàn ti ní ìran, àti pé bí wọ́n bá mọ ẹ̀yà tí ó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wá bi mí. Èkíní: ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yà kòkòrò náà pọ̀, èwo sì ni tiwa ní Nàìjíríà? Èkejì: ṣé àyẹ̀wò ẹ̀yà lè sọ ẹni tí ó gbé e wọlé? Ẹ̀kẹta: ṣé oògùn tí òyìnbó ṣe fún ẹ̀yà tiwọn lè ran tiwa, àti pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ní i, ṣé wọn kò lè jọ máa lo ìgò oògùn kan, kí wọ́n sì pa rọ́bà ìdáàbòbò tì? Mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ èsì náà, nítorí ilé tí irú ìjà yìí wà kì í ṣe ẹyọ kan.

OHUN TÍ KÒKÒRÒ NÁÀ JẸ́

Kòkòrò HIV kéré tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí awò tí a fi ń wo kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè fi í hàn. Ní 1983 ni Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i ní ilé ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris, a sì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2008. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ara wa, ni kòkòrò yìí ń wọ inú rẹ̀, òun náà ni ó sì ń pa. Bí àwọn ọmọ ogun bá kú tán ní ìlú, kò sí olè tí kò ní wọlé. Nígbà náà ni ikọ́ ife, ìgbẹ́ gbuuru àti àwọn àìsàn mìíràn yóò máa ya wọ ara. Èyí ni a ń pè ní éèdì.

Kòkòrò yìí kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì wa ni ó ń wọ̀, tí yóò sì sọ ọ́ di ilé ìtẹ̀wé ara rẹ̀. Ìwé tí ó ń tẹ̀ níbẹ̀ ni ìwé ìlànà tí ó gbé wá, èyí tí ó sọ bí a ó ṣe mọ òmíràn bíi tirẹ̀. Lẹ́tà inú ìwé náà tó bí 9,700. Nínú ara ẹni tí kò lo oògùn, ẹ̀dà tuntun tí ń jáde lójúmọ́ kan a máa ju bílíọ̀nù kan lọ.

BÍ Ẹ̀YÀ ṢE Ń PỌ̀ SÍ I

Ẹ jẹ́ kí a fi kòkòrò yìí wé adàwékọ kan tí a fún ní ìwé pé kí ó dà á kọ ní òru, láìsí fìtílà, tí kò sì sí ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Yóò fo lẹ́tà kan níhìn-ín, yóò pààrọ̀ òmíràn lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá tún gba ìwé tirẹ̀ dà kọ yóò da àṣìṣe ti àkọ́kọ́ kọ, yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Púpọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí ni ó ń ba ẹ̀dà náà jẹ́ tí kò fi ní wúlò fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í pa á lára, àwọn mìíràn a sì tilẹ̀ máa ràn án lọ́wọ́.

Ẹ wo èdè Yorùbá. Ìyá kan náà ni ó bí ti Ọ̀yọ́, ti Ìjẹ̀bú, ti Èkìtì, àti ti Àwórì tí àwọn onílẹ̀ ń sọ ní Ojo àti Iba. Nítorí pé olúkúlùkù jókòó sí ibi tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohùn wọn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kòkòrò HIV. Bí ó ti ń gbé láàárín àwọn ènìyàn kan ní ibì kan fún ọdún pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ìwé rẹ̀ ń di àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìdílé ńlá méjì ni ó wà. Èkíní ni HIV-1, tí ó tàn ká gbogbo ayé. Èkejì ni HIV-2, tí wọ́n rí ní 1986. Ìhà Guinea-Bissau àti Senegal ni ó pọ̀ sí, kì í tètè ràn, kì í sì í tètè wó ènìyàn lulẹ̀ bí HIV-1. HIV-1 fúnra rẹ̀ ní agbo ilé mẹ́rin: M, N, O àti P. Agbo ilé M ni ó bí èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní ayé. Ara ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, ní gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù, ni ó ti bọ́ sára ènìyàn. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ka àṣìṣe inú ìwé rẹ̀ sẹ́yìn sẹ́yìn kéde ní 2014 pé ní nǹkan bí 1920 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tàn ní Kinshasa, olú-ìlú Kóńgò.

Àwọn ọmọ agbo ilé M ni a ń fi lẹ́tà pè: A, B, C, D, F, G, H, J, K àti L. L ni ó kẹ́yìn. 2019 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. B ni ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. C ni ó gba gúúsù Áfíríkà àti Íńdíà, ara bí ìdajì gbogbo àwọn tí ó ní HIV ní ayé ni ó sì wà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹ̀yà tuntun ń gbà wáyé. Bí ẹnì kan bá gba ẹ̀yà méjì, bóyá lọ́dọ̀ ènìyàn méjì, tí àwọn méjèèjì sì bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, adàwékọ wa yóò ní ìwé méjì níwájú. Yóò da ojú ewé díẹ̀ kọ láti inú ti àkọ́kọ́, yóò fò sí èkejì, yóò tún padà. Ìwé tí yóò jáde a gba imú baba, a gba ojú ìyá. Àmúlùmálà ni mo ń pe irú èyí. Bí wọ́n bá rí àmúlùmálà kan náà lára ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán, tí wọn kò kó o ran ara wọn, nígbà náà ni àwọn onímọ̀ yóò gbà pé ó ti dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, wọn yóò sì fún un ní nọ́ńbà.

TIWA NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Èyí ni ìdáhùn ìbéèrè èkíní. Àwọn méjì ni ó pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa: ẹ̀yà G, àti àmúlùmálà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CRF02_AG. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yìí dẹ́rù bà yín. 02 túmọ̀ sí pé òun ni àmúlùmálà kejì tí wọ́n fún ní nọ́ńbà. AG túmọ̀ sí pé a rí ojú A àti ojú G lára rẹ̀.

Orúkọ mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀yà yìí ni IbNG. Ib ni Ìbàdàn, NG ni Nàìjíríà. Ní 1994 ni wọ́n tẹ ìròyìn jáde lórí kòkòrò kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ láti Ìbàdàn. Apá kan nínú ìwé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kà, wọ́n sì rò pé ẹ̀yà A ni. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán, tí wọ́n sì fi í wé àwọn mìíràn, ni ó hàn ní 1998 pé A àti G ni ó lọ́ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ka orí kan kò tíì ka ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n; àwọn onímọ̀ gbà pé Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 fi hàn pé ní gúúsù Nàìjíríà, irú A ni ó pọ̀ jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìyá ti Ìbàdàn yìí. Ní ìhà àríwá, G ni ó pọ̀ jù. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì tún ti ń dà pọ̀, tí àmúlùmálà ń bí àmúlùmálà. Ọ̀kan nínú ìdí tí a kò fi tíì rí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún HIV nìyí: abẹ́rẹ́ tí a rọ fún ojú kan, kòkòrò náà a gbé ojú mìíràn wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀yà fi ń pàdé ẹ̀yà, kí ó dúró ní Okokomaiko ní ìrọ̀lẹ́. Yóò gbọ́ Àwórì, yóò gbọ́ Ègùn, Ìgbò àti Haúsá. Títì tí ó gba Mile 2, tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alaba àti Iyana-Iba, òun náà ni ó lọ sí Bàdágírì àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí ó wọ Kútọnu, Lomé àti Accra, títí dé Abidjan. Ní gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lójú ọ̀nà yìí, CRF02_AG kan náà ni ó gbilẹ̀ jù. Nítorí èyí ni ìjọba orílẹ̀-èdè márùn-ún, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Ivory Coast, fi pa ọwọ́ pọ̀ ní 2002 láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀nà Abidjan sí Èkó, kí ó máa bá àwọn awakọ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn ará ẹnubodè gbógun ti HIV. N kò fi èyí bú awakọ̀ kankan. Ènìyàn ni ó ń rìn tí kòkòrò fi ń rìn, ọjà wa kò sì lè dúró kí ènìyàn má rìn.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo ìlú ni ó ti ní i, ẹ gbọ́ iye wọn. Ní 1991, nínú 100 aboyún tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tí ó ní HIV kò pé 2. Ní 2001 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 6. Ní 2018 ìjọba ṣe ìwádìí ńlá láti ilé dé ilé ní gbogbo ìpínlẹ̀. Nínú 1,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, bí 14 ni wọ́n rí i lára wọn.

TA NI Ó GBÉ E WỌLÉ?

Mo dé orí ìbéèrè tí ó gbóná jù. Ìdáhùn mi ni pé àyẹ̀wò ẹ̀yà kò lè parí ìjà yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í lé ìyàwó jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ̀yà kan náà ni ó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa. Bí ọkọ àti ìyàwó bá wọ ankárá kan náà, tí ankárá náà sì kún gbogbo ọjà, ta ni yóò fi ìyẹn sọ pé ọkọ ni ó ra ti ìyàwó, tàbí pé ìyàwó ni ó ra ti ọkọ? Bí ẹ̀yà wọn bá sì yàtọ̀, ohun tí ó fi hàn ni pé ibi tí wọ́n ti rí i yàtọ̀. Kò sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, kò sì sọ ọdún tí ó rí i.

Èkejì, ká tilẹ̀ ní wọ́n ka ìwé kòkòrò méjèèjì ní lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, tí ó sì hàn pé wọ́n súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ìyẹn nìkan kò fi hàn dájú bóyá láti ọ̀dọ̀ ọkọ ni ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó ni, tàbí láti ọ̀dọ̀ ìyàwó sí ọ̀dọ̀ ọkọ. Ẹlòmíràn sì lè wà láàárín. Irú ìwé kíkà báyìí, iṣẹ́ àwọn olùwádìí ni, àti ti dókítà tí ó ń wá ìdí tí oògùn kò fi ran aláìsàn. Kì í ṣe àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn ń ṣe láti fi dá ẹjọ́ ilé.

Ẹ̀kẹta, kòkòrò yìí lè wà lára ènìyàn fún ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí ó tó ṣe é ní ohunkóhun tí ojú rí. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jó níbi ayẹyẹ. Ó lè ti wà lára ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n tó mọ ara wọn rí. Kì í sì í ṣe ìbálòpọ̀ nìkan ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò kí a tó fà á síni lára, abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí a lò fún ẹlòmíràn tí a kò fọ̀ bí ó ti yẹ, gbogbo wọn ni ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni mo fẹ́ kí àwọn ẹbí ọkọ gbọ́. Kí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé ìyàwó ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé? Nítorí pé aboyún ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọkọ kì í lóyún, kì í sì í sábà dé ilé ìtọ́jú aboyún. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pariwo iná kọ́ ni ó ti iná bọ ilé. Obìnrin tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ti ṣe ìdílé náà ní oore ńlá: òun ni ó jẹ́ kí ọkọ mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀ kí ó tó di òkùnrùn, òun ni ó sì jẹ́ kí a lè gba ọmọ inú oyún là. Ẹ má ṣe fi ìbínú san oore yẹn.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ìmọ̀ ẹ̀yà wúlò fún, ẹ gbọ́ ìtàn Benghazi ní ilẹ̀ Líbíà. Ní òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá, ó hàn pé ó lé ní 400 ọmọdé tí wọ́n kó HIV ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú náà. Ní 1999 ìjọba ilẹ̀ náà mú nọ́ọ̀sì márùn-ún, ọmọ Bulgaria, àti dókítà kan, ọmọ Palestine, wọ́n ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kòkòrò náà sára àwọn ọmọ. Ní 2004 wọ́n dájọ́ ikú fún wọn. Àwọn onímọ̀ gba ìwé kòkòrò tí ó wà lára àwọn ọmọ náà, wọ́n kà á. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? CRF02_AG ni, ọmọ ìyá èyí tí a mọ̀ ní Ìbàdàn, ó sì bá èyí tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tan. Wọ́n ka àṣìṣe inú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì hàn pé kòkòrò náà ti ń ràn kiri ní ilé ìwòsàn náà ṣáájú oṣù March 1998 tí àwọn àjèjì yẹn dé. Àìmọ́ tónítóní abẹ́rẹ́ àti ohun èlò ni ó tọ́ka sí, kì í ṣe ìkà ọwọ́ ẹnì kan. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní December 2006. Ilé ẹjọ́ kò gbà á. Ó tún dájọ́ ikú ní oṣù náà gan-an. Ó di July 2007, lẹ́yìn tí àwọn ìjọba Yúróòpù ti bá Líbíà sọ̀rọ̀ títí, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Àwọn ẹni tí a kọ́kọ́ fura sí ni kò jẹ̀bi. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́, mélòó mélòó ni yóò rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí ẹbí ti ń dá ẹjọ́ láìsí ẹ̀rí kankan?

ṢÉ OÒGÙN ÒYÌNBÓ RAN Ẹ̀YÀ TIWA?

Ó ràn án. Òótọ́ ni pé ẹ̀yà B ni ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán oògùn wọ̀nyí wò lára wọn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ibi tí oògùn ti ń dì kòkòrò náà lọ́wọ́ jẹ́ ibi tí gbogbo ọmọ agbo ilé M fi jọra. Bí ohùn ará Ìjẹ̀bú àti ti ará Èkìtì bá yàtọ̀, ṣé ọ̀fun kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń mí?

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fi kún un. Àkọ́kọ́ ni pé HIV-2 kì í gbọ́ ti oògùn nevirapine àti efavirenz, nítorí náà ni àyẹ̀wò tí ó ya HIV-1 àti HIV-2 sọ́tọ̀ fi ṣe pàtàkì fún dókítà. Oògùn dolutegravir ń ran àwọn méjèèjì. Ìkejì ni pé ní ọdún bí 1994, ó hàn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan máa ń fo agbo ilé O tí ó wà ní Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa. Wọ́n ti tún àwọn àyẹ̀wò náà ṣe láti ìgbà yẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ fún yín pé tiyín jẹ́ ẹ̀yà àrà ọ̀tọ̀ tí oògùn ilé ìwòsàn kò lè ràn, tí ó sì ń ta àgbo tirẹ̀ fún yín lówó iyebíye, owó yín ni ó ń wá.

Orúkọ tí a fi ń pe àrùn yìí nígbà kan ni kògbóògùn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ náà, òótọ́ ni. Láti 1996 tí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé oògùn mẹ́ta pọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ lórí ba, orúkọ náà ti di ti àná. Ní 2002 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà. Ní 2006 ó di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Kì í lé e kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé yóò gbó, yóò tọ́.

ÌGÒ KAN FÚN ÈNÌYÀN MÉJÌ Ń KỌ́?

Rárá o! Ẹ rántí adàwékọ wa. Ìyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo nínú 9,700 tó láti sọ nevirapine àti efavirenz di omi lásán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń po oògùn mẹ́ta pọ̀. Nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní ilẹ̀ wa láti nǹkan bí 2019, tenofovir, lamivudine àti dolutegravir ni ó wà nínú hóró kan tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kí kòkòrò tó lè bọ́, yóò ní láti ṣi ẹnu ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya bá ń pín ìgò kan, tí ẹni yìí lò lónìí tí ẹnì kejì lò lọ́la, oògùn kò ní tó lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ń tẹ kòkòrò náà, kò pa á. Àwọn tí àṣìṣe ìwé wọn ràn lọ́wọ́ ni yóò kù, àwọn ni yóò sì máa bí sí i. Ẹ̀yà tí a fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀ nínú yàrá wa nìyẹn, ó sì burú ju gbogbo èyí tí ó ti ọ̀nà Abidjan wá lọ. Bí ẹ bá kó o ran ẹlòmíràn, àìgbọ́ràn sí oògùn ni ẹ ó fi ta á lọ́rẹ.

Ní ti rọ́bà ìdáàbòbò, níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, ẹnì kan ṣì lè gba ẹ̀yà mìíràn tàbí èyí tí kò gbọ́ oògùn láti ara ẹnì kejì. Ẹ máa lò ó. Bí ẹ bá ti ń lo oògùn yín déédéé, ilé ìwòsàn yóò yẹ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò kò rí i mọ́, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ẹni náà kì í kó o ran ẹni tí ó bá ń bá lòpọ̀ mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ bi dókítà yín léèrè bóyá ẹ lè fi rọ́bà sílẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN MI

Èkíní: ẹni tí ó bá gbọ́ pé aya tàbí ọkọ òun ní HIV, kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì. Èsì ẹnì kejì rẹ kì í ṣe èsì tìrẹ.

Èkejì: aboyún tí wọ́n rí i lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ilé ìwòsàn sílẹ̀. Bí ó bá lo oògùn rẹ̀, tí ọmọ náà sì gba tirẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ọ̀pọ̀ jù lọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í ní i. Ẹbí tí ó lé aboyún jáde, ọmọ ara wọn ni wọ́n ń ti sínú ewu.

Ẹ̀kẹta: ìgò oògùn kan fún ẹnì kan. Ẹ má ṣe yá a, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yín le.

Ẹ̀kẹrin: bí ìròyìn kan bá dé pé oògùn fẹ́ wọ́n, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí já hóró sí méjì. Ní January 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró, ìbẹ̀rù mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ìjọba wa fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti ra oògùn sí i. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun fúnra yín.

Ẹ̀karùn-ún: bí ó bá pẹ́ tí ẹ ti ń lo oògùn tí kòkòrò kò sì dínkù, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà nípa bí ẹ ṣe ń lò ó. Nígbà yẹn ni kíka ìwé kòkòrò wúlò, kí a lè mọ oògùn tí yóò ràn án.

Ẹ̀yà kòkòrò HIV pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan náà ń rí wọn, oògùn kan náà ni ó sì ń tẹ̀ wọ́n lórí ba. Ẹ má ṣe wá ẹlẹ́bi níbi tí ìtọ́jú wà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, èmi yóò dáhùn àwọn lẹ́tà tí mo gbà lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí Olúwa fún wa ní ìlera. Ó dìgbà náà o.